Ìràwọ̀ Inú Bàsíà Obì Màmá Mi

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá ìmọ́lẹ̀, tó sì fún mi ní ìyá tó mọ àdúrà gbà. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ṣàgámù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, mo sì gba sikọ́láṣíìpù láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìràwọ̀ lókè òkun. Inú mi dùn kọjá sísọ! Àmọ́ ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ló tọ́ mi. Báwo ni n óò ṣe rin irú ìrìn yẹn láìgba àdúrà ìyá mi?

Mo bá Màmá lẹ́yìn ilé wa ní àdúgbò Ibido, níbi tí wọ́n ti ń fọ obì nínú bàsíà ńlá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn, Ìyá Bọ́sẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Obì bọ́ lọ́wọ́ Màmá.

"Ìràwọ̀ kẹ̀? Tóyìn, ṣé kí o lè máa fi ìràwọ̀ wo kádàrá ni mo ṣe ń bó obì látàárọ̀ dalẹ́? Kí ni n óò wí fún àlùfáà wa?"

Ìyá Bọ́sẹ̀ na àtẹ́lẹwọ́ tútù sí mi. "Bá mi wò ó, ọmọ mi. Ṣé obì á wọ́n lọ́dún yìí?"

Ìyá Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Omijé ló ń bọ̀ lójú tèmi! Màmá ò ṣeré rárá: wọ́n ní àwọn ò ní gbàdúrà sí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ láéláé.

Àwọn méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàsíà, wọ́n ń fọwọ́ ṣíji bojú, torí ojú omi ń dán yanran, wọn ò sì rí obì tí kòkòrò ti jẹ. Ìgbà yẹn ni mo rántí ègé ike dúdú kékeré tí olùkọ́ wa ní yunifásítì fún mi, tó wà nínú báàgì mi. Mo ní kí Màmá gbé e sójú, kí wọ́n máa yí i díẹ̀díẹ̀.

"Ha! Dídán ojú omi dà? Mò ń rí ìsàlẹ̀ bàsíà! Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ wo kòkòrò!"

Mo wá ṣàlàyé. Gáàsì wà yí àwọn ìràwọ̀ kan ká, ojú lásán ò lè rí i. Àmọ́ tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ bá ta padà lára gáàsì yẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, á ṣe bíi ti ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lójú omi, tí ike yìí ń dí: tí a bá fi irú ike yìí sí awò awọ̀nàjíjìn, tí a ń yí i, á máa ṣú, á máa mọ́. Ohun tí à ń wá ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló ń bi ìràwọ̀ léèrè ọ̀la?

Màmá tún yí ike náà.

"Ọlọ́run fi nǹkan wé ìràwọ̀ lára, bí a ṣe ń fi ewé wé obì sínú apẹ̀rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀ lo fẹ́ lọ wò nígbà náà. Sún mọ́ mi."

Wọ́n gbé ọwọ́ tútù lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà, gbàdúrà, títí Ìyá Bọ́sẹ̀ fi pariwo pé àmín ti ń rẹ òun o, obì ń gbẹ!

Omi obì ọwọ́ Màmá ti pọ́n lára gèlè funfun tí mo wé. Mo fọ̀ ọ́ títí, kò ṣí. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ wa lókè òkun fi hàn pé gáàsì wà lára ìràwọ̀ tí mò ń wò, gèlè yẹn ló wà lórí mi nínú òtútù.

Ohun tí mo kọ́ ni pé tí ìfẹ́ bá mú òbí bẹ̀rù, ẹ má bá wọn jà. Ẹ jókòó ti iṣẹ́ wọn, kí ẹ fi hàn wọ́n níbẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti dá yín dúró nítorí ìfẹ́ rí? Ẹ sọ tiyín fún wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, àdúrà òbí kò ní ṣí lórí yín, bí omi obì kò ṣe ṣí lára gèlè mi. Àmín.