Ojú Apẹ̀rẹ̀ Tòmátì

Ojú-Apẹ̀rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pe àbúrò bàbá mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti to tòmátì sínú apẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òrùlé páànù tí àwọn àgbẹ̀ ń kó irè oko wọn jọ sí. Àwọn tó kéré tàbí tó ti ń rọ̀ á wà nísàlẹ̀, àwọn tó tóbi, tó pọ́n dáadáa, á gba òkè, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ojú apẹ̀rẹ̀. Alágbàtà tó ń rà á mọ̀, ó sì máa ń dín owó kù nítorí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń pàtẹ lọ́jà náà mọ̀. Ẹni tó fẹ́ fi se ọbẹ̀ nìkan ni kò mọ̀. Wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì bí irè oko ṣe ń ti oko dé ọjà. Ohun kan náà ni, wọ́n kàn fi ọfà yà á sára pátákó ni.

Lọ́dún tí mo lọ wo iṣẹ́ náà fún ìwádìí mi, àwọn àgbẹ̀ rí oníbàárà tuntun, obìnrin kan tó ń ra oúnjẹ fún ilé ìdáná àwọn ilé ìwòsàn. Kò fẹ́ alágbàtà. Bí ẹrù àkọ́kọ́ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ á máa wá. Oko ìyàwó Ojú-Apẹ̀rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà ti wá. Èyí tó le, tó dára nìkan ni wọ́n ká.

Ìyàwó náà bẹ̀ ẹ́: "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn dà á sínú apẹ̀rẹ̀. Obìnrin yìí ò fẹ́ ojú."

"Kí n dà á bí iyanrìn? Ṣebí ìwọ náà kun àtíkè kó o tó jáde láàárọ̀."

"Èmi kì í ṣe tòmátì."

"Òun ni mi ò ṣe rí ẹ tà."

Àwọn tó ń ṣa tòmátì rẹ́rìn-ín. Ó tò ó bó ṣe máa ń tò ó.

Oníbàárà dé, ó ní kí wọ́n da apẹ̀rẹ̀ kan sílẹ̀. Àwọn kéékèèké yí jáde bo àwọn ńlá mọ́lẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń fi pa mọ́?"

"Kò sí èyí tó bàjẹ́ níbẹ̀, mà. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò."

"Mo ti rí i. Àmọ́ ẹ tò ó kí n má bàa rí ìsàlẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí mi ò bá wá fúnra mi ńkọ́?"

Ojú-Apẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa tòmátì tó wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ̀ náà padà lófìfo.

Ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe alágbàtà, ìyẹn sì ra gbogbo rẹ̀ ní iye tó wù ú, kò da apẹ̀rẹ̀ kankan wò.

Àwọn ẹbí ní kí n fojú fo ohun tó ṣe, pé àgbàlagbà ni. Mi ò fojú fò ó, mo kọ ọ́ sínú ìwádìí mi. Látìgbà náà, ìyàwó rẹ̀ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ da tòmátì tirẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ńlá àti kékeré pọ̀. Alágbàtà ń dín owó rẹ̀ kù nítorí ìsàlẹ̀, bíi ti gbogbo èèyàn, ó sì tún ń dín in kù sí i, ó ní apẹ̀rẹ̀ náà kò lójú.