Iná Pupa Inú Mọ́tò Ọládòṣù

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi wa mọ́tò olówó, èmi fúnra mi ò ní kẹ̀kẹ́. Èmi Albert, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, yàrá kan ṣoṣo ní Ìsọlọ̀. Àdúrà mi ò ju ọ̀kan lọ: kí n rí mọ́tò kan tí màá máa fi ṣe tásí, kí n yéé ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni pẹ̀lú "yes sà." Ṣé ìyẹn pọ̀ jù ni?

Nígbà tí owó Údójì, ẹ̀kúnwó oṣù tí ìjọba san, jáde, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ń ra rédíò àti fáànù, ta ni Ọlọ́run wá fún ní mọ́tò? Ọládòṣù! Ọmọ Ọ̀yọ́ tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tèmi, akọ̀wé kékeré tí kò mọ̀ ju kó máa lu òǹtẹ̀ mọ́wèé lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá a wa àlòkù mọ́tò aláwọ̀ búlúù yẹn wọ àgbàlá, gbogbo ayálégbé hó yèè. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Kí n má parọ́, inú mi ń ta mí bí ìgbà tí ata bá kó séèyàn lójú. Ẹni tí kò mọ jíà!

Ó tún wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n Albert, ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́ mi o."

Mo kọ́ ọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, a máa ń lọ sápá Òkè-Àfà níbi tílé ò tíì pọ̀. Mo kọ́ ọ ní kílọ́ọ̀ṣì, mo kọ́ ọ ní bíréèkì. Ó yára mọ̀ ọ́n, ìyẹn gan-an tún ń bí mi nínú. Lọ́jọ́ kan ó nàka síwájú.

"Ẹ̀gbọ́n, iná kékeré pupa yìí ńkọ́? Tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, á tàn, á tún kú."

Dẹ́rẹ́bà wo ni ò mọ̀ ọ́n? Iná ọ́ìlì ni. Tó bá tàn lórí ìrìn, kéèyàn dúró, kó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ó ti dé ètè mi. Ni mo bá rí bó ṣe fìgbọ̀nwọ́ lé fèrèsé bí ọ̀gá, ara mi gbóná.

"Ọ̀ṣọ́ ni," mo ní. "Òyìnbó fẹ́ràn iná. Má dá a lóhùn."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n."

Lóṣù kejì, ó ń bọ̀ láti Òṣòdì lọ́sàn-án Sátidé, ó sì gbé Ìyá Bọ́lájí tíí ṣe ìyàwó mi, pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń lọ sí ọjà Aswani. Ìyá Bọ́lájí ló ròyìn fún mi. Iná yẹn tàn. Ọkùnrin yẹn pariwo pé, "Bọ̀dá, ẹ dúró, ọ́ìlì yín ti tán!"

Ọládòṣù rẹ́rìn-ín. "Ẹ má mikàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀ṣọ́ ni. Dẹ́rẹ́bà ọlọ́dún mẹ́rìnlá ni wọ́n, àgbà ò sì ní ṣì mí lọ́nà."

Wọn ò tíì dé Ìsọlọ̀ tí ẹ́ńjìnnì fi ké gbàgà, tó kú. Ìyá Bọ́lájí sọ ọ́ tán, ó wojú mi.

Mùktárù mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Ta ló kọ́ ẹ ní mọ́tò ná?"

Ọládòṣù wò mí. Ó ti mọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi dáadáa," ó ní. "Èmi ni mo gbàgbé."

Ká ló bínú, ì bá sàn. Ó wọlé, ó gbé agolo ọ̀dà yẹ́lò méjì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Òpin oṣù yìí ni mo fẹ́ sọ ọ́. Èmi ò lè fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Mo ní ká kùn ún ní tásí, kẹ́ ẹ máa wà á, ká jọ máa pín èrè. Kẹ́ ẹ lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yín." Ó gbé ọ̀dà náà sẹ́nu ọ̀nà mi. "Owó tán lọ́wọ́ mi báyìí. Ẹ fi kun ilẹ̀kùn yín."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wọ yúnífọ́ọ̀mù mi, mo lọ ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún ọ̀gá.

"Yes sà," mo ní.