Ta Ni Rauf Fẹ́ Gbé?

"'Ẹ fún táyà yìí, ẹ fún un, kó le bí òkúta.'" Kàfáyá fún imú pọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, ó ń sín Rauf ọlọ́kadà jẹ. "Ohùn ẹ rèé. Mi ò fún un mọ́."

Rauf ò rẹ́rìn-ín. "Ìyá Àpọ́nlé, táyà tó bá rọ̀ máa ń tètè jẹ. Nínú Sáàpù tí ìjọba gbé dé yìí, ta ló ń rówó ra tuntun?"

Ohun tí Múdàṣírù, ọkọ Kàfáyá, náà máa ń sọ nìyẹn. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní Agbára, ọ̀kadà ló fi ń bọ́ wọn. Ó fún táyà le gbandi. Lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ ní Ṣàngó, táyà ò di títì mú, ó yọ̀ wọ abẹ́ tírélà, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Kàfáyá kọ́ṣẹ́ fọkanáísà. Kì í fún táyà láìbéèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé.

Ó wo ojú ọ̀run tó ti ṣú. "Ta lo fẹ́ gbé?"

Rauf tọ́ka sí obìnrin tó jókòó lórí bẹ́ńṣì. "Ìyàwó mi. Ó ti ń rọbí."

Kàfáyá ní kí àwọn méjèèjì gun ọ̀kadà. Ó wo bí táyà ṣe tẹ̀, ó fi atẹ́gùn díẹ̀ kún tẹ̀yìn, ó tú díẹ̀ sílẹ̀ nínú tiwájú.

"Á jẹ o," Rauf kùn.

"Kó jẹ. Táyà ni, wọ́n ṣì ń tà á."

Wọ́n rọra lọ bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀. Kàfáyá dúró sínú òjò, ó ń wò wọ́n, títí ọlọ́kadà míì fi pè é.