Ìjókòó Ẹni Tó Ń Dini Mú ní Ilé Ẹ̀kọ́ Táátú

Orí bébà ni wọ́n ti kọ́kọ́ lé mi kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Gáréèjì ilé àtijọ́ kan ní Rosettenville ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún, ibẹ̀ ni mo ti ń ta wíìgì, ìpara àti mínírà tútù. Obìnrin kan ra ilé náà lọ́wọ́ bàbá Potogí tó ni ín tẹ́lẹ̀, ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ di ilé ẹ̀kọ́ táátú. Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Táátú náà ni wọ́n ń lọ kọ́ nílé ìwé? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ fín ara á na apá, wọ́n á fín in, á gba ilé lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ò ṣeré rárá. Láti ọrùn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, kò síbi tí wọn ò yàwòrán sí lára rẹ̀. Bó bá dúró ti kọ́tìnì olódòdó, ẹ ò ní rí i mọ́.

Ó mú ọkùnrin kan tó ń yàwòrán ilé wá. Ọmọ Soweto ni, ara rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kò sí táátú kankan níbẹ̀. Mo sọ nínú ara mi pé ẹni tí kò jẹ ata rí ló fẹ́ kọ́ ilé ìdáná fún wa yìí.

Ó tẹ́ bébà ńlá tó ya ilé náà sí sórí fíríìjì mi, ó ń fi ìka tọ́ka. Ibi báyìí ni wọ́n á ti máa kọ́ àwòrán yíyà. Ibi báyìí ni bẹ́ẹ̀dì méjìlá á wà fún àwọn tó fẹ́ fín ara. Ibi báyìí ni wọ́n á ti máa se irinṣẹ́ kí kòkòrò àrùn lè kú.

"Gáréèjì mi ńkọ́?"

Ó họ orí. "Eish, Mama. Ibẹ̀ la máa kó awọ ẹlẹ́dẹ̀ sí."

"Awọ kí ni?"

Ó ní orí awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti ṣe àṣìṣe wọn tán kí wọ́n tó fọwọ́ kan awọ èèyàn. Ẹ̀yìn káńtà mi níbẹ̀ ni mo ti ń kírun ọ̀sán o! Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ lé Mùsùlùmí jáde, ẹ gba ẹlẹ́dẹ̀ sílé."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò yí bébà padà. Ó ní kí n kó ẹrù mi tí oṣù bá parí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti lò níbẹ̀. Bí mo bá kó lọ sí Turffontein, ta ni yóò wọ taxi tọ̀ mí wá nítorí wíìgì?

Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi mọ ilé kà. Mo béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà bí àyè bẹ́ẹ̀dì kan ṣe fẹ̀ tó, mo sì fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n sílẹ̀ nínú pálọ̀. Bẹ́ẹ̀dì rèé. Àga oníṣẹ́ rèé. Ògiri rèé. Mo tún wọ̀n ọ́n.

"Níbo ni ẹni tó ń dini mú á jókòó sí?"

"Ta ló ń di ta mú?"

Mo na ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sí i, tòun ti pélé tó wà níbẹ̀. "Ìyá mi sọ fún mi pé èèyàn mẹ́ta ló wà nídìí èyí. Ẹnì kan di orí mú, ẹnì kan di ẹsẹ̀ mú, ẹnì kẹta ń bá mi bú olóòlà. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó kàn kì í dá lọ."

"Mama, àgbàlagbà ló ń ṣe táátú. Wọn ò nílò adinimú."

"Ìwọ ti ṣe é rí?"

Obìnrin náà ti ń yọ ẹ̀rọ rẹ̀ nínú báàgì. Ó ní ẹni tó ń ya ilé fún iṣẹ́ kan, ó yẹ kó tọ́ iṣẹ́ náà wò. Ìtìjú ò jẹ́ kí ọkùnrin náà lè sá. Ó ní kí wọ́n ya àtẹ̀gùn kékeré sí òun lápá, ìpele mẹ́ta péré. A gbé bẹ́ẹ̀dì alágbèéká sínú àyè tí mo wọ̀n, ó sùn lé e.

Wọn ò tíì ya ìpele kìíní tán tó fi ké "Mama!" tó sì gbá ọwọ́ mi mú. Kò síbi tí mo lè jókòó sí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ògiri bí ẹni tó ń wá yẹtí lábẹ́ àga, ìdí mi sì ń ti ìgò tádáwà tí obìnrin náà tò sílẹ̀ ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ rí mi báyìí?" ni mo wí. "Bẹ́ẹ̀dì méjìlá, adinimú méjìlá. Ẹsẹ̀ á ro wọ́n, òùngbẹ á gbẹ wọ́n. Ta ló máa ta mínírà fún wọn? Ẹlẹ́dẹ̀?"

Obìnrin náà pa ẹ̀rọ. Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí òun ṣe táátú, ìyá òun ló di òun lọ́wọ́ mú, orí ilẹ̀ ló sì jókòó sí títí wọ́n fi parí.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọkùnrin náà mú bébà mìíràn wá. Awọ ẹlẹ́dẹ̀ ti lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan ti ní àga kejì. Gáréèjì ti di yàrá tí àwọn adinimú á ti máa sinmi, káńtà mi sì wà ní igun rẹ̀.

"Mítà mélòó ni káńtà yẹn?"

"Méjì."

"Mẹ́rin."

"Mama, ilé ni mò ń yà, n kì í tajà."

"Ohun tó bá ti ní ìwọ̀n, ọjà ni. Mẹ́ta ààbọ̀."

"Méjì ààbọ̀."

Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń lọ bí oníbàárà tí kò rà mọ́. Ṣọ́ọ̀bù tèmi ni mo ń bínú jáde nínú rẹ̀ o! Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó ké pè mí: "Mẹ́ta! Mama, mẹ́ta!"

"Shap, mo gbà. Èènì ńkọ́?"

Kò mọ èènì. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹni tó bá wọn gàárì fún èèyàn, á tún bù díẹ̀ lé e kí oníbàárà lè padà wá. Ó mí kanlẹ̀, ó mú pẹ́ńsù, ó fa ìlà kan sókè káńtà. Ó ní pẹpẹ ni, pé orí wíìgì mẹ́fà á gbà níbẹ̀.

Mo fi ìka wọ̀n ọ́n. Márùn-ún péré ló máa gbà. Mo jẹ́ kó lọ.