Irínwó Téèpù Tó Ti Bàjẹ́

Ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba, Ìyá Téèpù ni gbogbo ènìyàn ń pè é, látorí ọ̀gá àgbà dórí ẹni tó ń ṣí géètì. Yàrá tí wọ́n ń kó téèpù sí ló ń tọ́jú: yàrá tóóró kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, tí kò ní fèrèsé, tí ariwo fáànù rẹ̀ ju ti ẹni tó ń ka ìròyìn lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà níbẹ̀. Bí ẹ bá bi í pé kí ló ń ṣe, á ní, "Ohùn ni mo ń ṣọ́." Ẹ má rín in o! Ṣebí àwọn àgbà ló ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tó ń bí obìnrin yìí nínú. Téèpù ò tó lò. Nítorí náà, bí ètò kan bá ti pé ọdún méjì, téèpù rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà, ẹnjiníà á pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, wọ́n á sì gba nǹkan tuntun sí i. Bí ètò àwọn àgbẹ̀ ṣe lọ nìyẹn tí ìròyìn bọ́ọ̀lù gba ipò rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó gbé ètò ìlera kan wá, èyí tí nọ́ọ̀sì àgbà kan fi ń kọ́ àwọn abiyamọ bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ètò yẹn gan-an ló gba ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́ ikú.

"Ẹni tó gba ọmọ mi là, ẹ ní kí n gbé e wá kí ẹ nù ún dànù? Láéláé!"

Ọgbọ́n tó ta rèé. Téèpù tó bá ti lọ́ tàbí tó ti ya, wọn kì í lò ó mọ́. Wọ́n á kọ "Ó ti bàjẹ́" sára páálí rẹ̀, wọ́n á tì í sẹ́yìn. Ìyá Téèpù bá mú bírò pupa, ó kọ ọ́ sára páálí nọ́ọ̀sì, ó tì í sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó bèèrè. Lọ́sẹ̀ kejì, ó kọ ọ́ sára tàwọn ọmọdé tó kọrin lọ́jọ́ àyájọ́ ìdásílẹ̀ rédíò náà. Ó tún kọ ọ́ sára eré orí rédíò àti ẹ̀kọ́ ìṣirò. Kí ẹ tó mọ̀, irọ́ náà ti pé ọdún mẹ́tàlélógún, téèpù ti di irínwó. Kò kọ orúkọ ètò kankan sílẹ̀, kí ìwé má baà tú àṣírí rẹ̀. Inú orí ló kó gbogbo rẹ̀ sí.

Nígbà tó ku oṣù mẹ́jọ kó fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá tuntun dé. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó fẹ́ràn ìmọ́tótó ju ọṣẹ lọ. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo téèpù tó ti bàjẹ́ sínú ọkọ̀ ìdọ̀tí ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Yéè! Ọgbọ́n wá di tàkúté. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń mu tíì, ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Ìyá àwọn ọmọ mi, oṣù mẹ́jọ péré ló kù. Bó o bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n á wọmi."

"Kó wọmi. Mo mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́."

Ẹnu lásán ni o. Ẹ̀rù ń bà á débi pé tíì dà sí i lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀ ó gbé àga, ó lọ fi dí ẹnu ọ̀nà yàrá téèpù, ó jókòó pa. Àwọn lébìrà méjì tó wá kó ẹrù dúró, wọ́n ń wojú ara wọn. Ọ̀gá àti ẹnjiníà sọ̀ kalẹ̀ wá.

"Ìyá, kí ló dé?"

"Irọ́ ni mo pa, sà. Kò sí ìkankan tó bàjẹ́ nínú èyí tí mo fi bírò pupa kọ."

Ọ̀gá na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀, ó fa ọ̀kan nínú wọn yọ, ó gbé e fún ẹnjiníà. Ẹ̀rọ yí. Ohùn nọ́ọ̀sì jáde, ó mọ́ gaara: "Abiyamọ, kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ." Lébìrà àgbà ṣí fìlà. Ó ní ìyá òun máa ń tẹ̀lé gbólóhùn yẹn sọ nígbà tóun wà lọ́mọdé. Omi bọ́ lójú Ìyá Téèpù, kò sì nù ún.

Ọ̀gá dá ọkọ̀ ìdọ̀tí padà. Ó wá yíjú sí i.

"Ẹ tàpá sófin, Ìyá. Mo gbọ́dọ̀ dá yín dúró níṣẹ́."

"Ó tọ́, sà."

"Kí ló wà nínú àwọn tó kù?"

"Inú orí mi ló wà."

"Ẹ lọ kọ ọ́ wá."

"Ẹni tí wọ́n bá dá dúró kì í wọ yàrá yẹn, sà. Òfin ni."

Ọ̀gá wo irínwó páálí tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kó kọ ọ́ tán ná. Ọjọ́ tó bá parí nìwé ìdádúró á jáde.

Ìyá Téèpù mú bírò. Kò sáré. Ó ní iyèméjì lè wà, nítorí náà ó ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan dópin kó tó kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ atọ́kùn rẹ̀ àti ọdún rẹ̀. Bí wọ́n bá bèèrè ibi tó bá a dé, á ní, "Ó ń lọ." Oṣù mẹ́jọ ló gbà á. Ọ̀sán ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n kí i pé ó dàárọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ló gbé ìwé náà ka iwájú ọ̀gá, irínwó ètò, kò dín ẹyọ kan. Ọ̀gá mú ìwé ìdádúró jáde, ó wo kàlẹ́ńdà, ó wo obìnrin náà. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan níwájú rẹ̀ mọ́ tó lè dá dúró.