Làsísì Aláró Ń Wá Omi Tó Mọ́

Bí ẹ bá rí búrẹ́dì tí ojú ìka aláró wà lára rẹ̀ lẹ́yìn ojú irin Agége, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ẹni tó fọwọ́ kàn án. Làsísì ni. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń pa jíǹsì tó ti ṣí láró níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní lọ́jọ́ tí àwọn kọ́kọ́ pàdé, òun rò pé ìbọ̀wọ́ ló wọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló fi ń yangàn: "Aró tèmi kì í ṣí!" Òótọ́ sì ni. Kò ṣí lára jíǹsì, kò ṣí nínú gọ́tà. Ìyẹn ló fa wàhálà. Lọ́jọ́ Ajé, Alhaja Uswat tó ni ilé fa omi kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà náà, omi jáde ní búlúù.

"Làsísì! Ṣé omi yìí ni kí n fi ṣe àlùwàlá, kí àwọn màláíkà má dá mi mọ̀ mọ́?"

"Ẹ má bínú, Alhaja mi."

"Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, tí omi ṣọ́ọ̀bù ẹ ò bá mọ́, kó ẹrù ẹ."

Níbo ni ó fẹ́ kó o lọ? Gbogbo oníbàárà rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n mọ̀.

Ọmọ rẹ̀, Moyọ̀sọ́lá, tó ń kọ́ kẹ́mísírì ní pólì, ló gba ọ̀rọ̀ náà rò. Ó fi tipátipá wọ ìbọ̀wọ́ ràbà fún bàbá rẹ̀. Wọ́n da omi aró sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n kán ásíìdì bátìrì díẹ̀ sí i, wọ́n bu ìyẹ̀fun irin tó ti dípẹtà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jórin, wọ́n wá rọra da háídírójìn pẹrọ́sáìdì tí wọ́n fi ń nu egbò lé e.

"Irin yẹn ló máa ru háídírójìn sókè, Dádì, òun ló máa wá fọ́ aró sí wẹ́wẹ́."

Aró ń kú lọ, ojú Làsísì sì rí bí ojú ẹni tí wọ́n ń jí lẹ́rù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, búlúù ti lọ pátápátá, ṣùgbọ́n omi pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì.

"Dádì, ẹ tún bu irin kún un lẹ́yìn mi!"

"Ṣebí bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń mú tó?"

"A ò pa aṣọ láró o. Aró gan-an là ń pa!"

Làsísì ò rí oorun sùn dáadáa. Láàárọ̀ Jímọ̀ ni ó rántí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó máa ń sẹ́ eérú kó tó rẹ ẹ̀lú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró. Omi tó bá kan, bí èyí tí ásíìdì wà nínú rẹ̀, eérú ní í pẹ̀tù sí i. Ó sáré lọ bu eérú ní ibi tí wọ́n ti ń fi igi yan búrẹ́dì, ó sẹ́ ẹ, ó ń da omi rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù díẹ̀díẹ̀. Ìdọ̀tí irin dì, ó rọra lọ sílẹ̀ bí ògì. Omi òkè tòrò, ó mọ́ gaara. Moyọ̀sọ́lá la ẹnu, kò lè pa á dé.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ìyá bàbá ẹ. Kò lọ pólì."

Lẹ́yìn ìrun, Alhaja dé, ó káwọ́ lé àyà. Làsísì bu omi náà sí báfù, ó ṣí fìlà funfun tó fi kírun, ó sì rì í bọ inú rẹ̀.

"Yéè! Fìlà Jímọ̀!" Alhaja figbe ta.

Làsísì fún omi ara fìlà náà dànù. Funfun báláú. Ó dé e bẹ́ẹ̀, omi ń ṣàn gba etí rẹ̀. Alhaja ò mọ̀gbà tó bú sẹ́rìn-ín.

"Ó máa pẹ́ kí kànga mi tó mọ́, àmọ́ má kó ẹrù mọ́. Làsísì, aró ẹ mà ṣí!"

"Ó ṣí, Alhaja mi. Ẹ ṣáà má sọ fún àwọn oníbàárà mi."