Orúkọ Àkọ́bí ní Sabon Gari

Ẹ fa àpótí yín sún mọ́ mi, kí ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lórí ìdúró. Mo rántí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin gbé èmi àti ọkọ mi láti Ọ̀fà dé Kano, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ọyẹ́ ń fẹ́. Eruku bo ojú ọ̀run tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi dà bí àwo fàdákà tí a kò fọ̀. Mo rí ràkúnmí kan tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, mo sì gbá ọkọ mi lápá mú.

"Ṣé orílẹ̀-èdè tiwa náà nìyí?"

"Òun náà ni. Ayé fẹ̀ ju Ọ̀fà lọ, ìyàwó mi."

Ọkọ mi ń tún rédíò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní France Road. Yàrá tí a gbà wà ní ìpẹ̀kun Sabon Gari, níbi tí ó ti fẹ́ kan Fagge, nínú ilé Háúsá kan. Ẹnu ọ̀nà wa kọjú sí títì, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́yìn tí ó wọ àgbàlá àwọn obìnrin. Ọkọ mi kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Èmi ń wọlé, mò ń jáde. Ìyàwó onílé ni ó ni àgbàlá náà, obìnrin gíga tí làálì kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀. Láràárọ̀ ni ó ń kí mi pé, "Sannu, baƙuwa," nítorí àlejò ni mo jẹ́ lójú rẹ̀, á sì gbé igbá fùrá fún mi mu, torí ó rí i pé mo lóyún, n kò sì ní ìyá nítòsí. Háúsá tí mo gbọ́ nígbà náà kò tó èyí tí a fi ń ra iyọ̀.

Rakiya ni orúkọ àkọ́bí rẹ̀, ọmọbìnrin tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo ṣàkíyèsí pé ìyá kì í bá ọmọ yìí ṣeré, kì í wò ó lójú, kì í tilẹ̀ pè é lórúkọ. Àwọn àbúrò rẹ̀ ni ó ń gbé jó. Bí kì í bá ṣe pé ojú ìyá àti ọmọ jọra bí ìbejì, ǹ bá ní ọmọ orogún ni.

Nílé wa, a kì í pe ẹni tí ó ju ni lọ lórúkọ. Orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni a fi ń dá a lọ́lá. Mo sì ń wá ọ̀nà tí n óò fi bọlá fún obìnrin olóore yìí. Ní ọjọ́ Iléyá, àgbàlá kún fún àlejò obìnrin. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sórí ẹní láàárín wọn. Èmi ọmọ Ọ̀fà bá wọ aṣọ tuntun, mo kúnlẹ̀ tèmi toyún, mo sì fi ohùn tí ó dé títì kí ìyàwó onílé pé: "Barka da Sallah, Maman Rakiya!"

Obìnrin náà fa ìbòrí bojú, ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ kọjú sí ògiri. Èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń retí kí wọ́n dá mi lóhùn.

Láti ọjọ́ náà, fùrá dáwọ́ dúró. Bí mo bá wọlé, obìnrin náà á jáde. Mo sọ fún ọkọ mi pé, "Wọn kò fẹ́ wa níbí. Dá mi padà sí Ọ̀fà, kí n lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá mi."

"Kí n ti ṣọ́ọ̀bù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí?"

"Èmi nìkan ni mo ní kí o dá padà."

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Àwa méjèèjì mọ̀ pé ìyàwó tí ó bá bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè má padà mọ́. Ó ní òun yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo lọ ra nǹkan ìrìnàjò ní Ọjà Sabon Gari, lọ́dọ̀ Alhaja kan, ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n bí sí Kano. Mo ń sunkún bí mo ti ń rojọ́. Kí n tó parí, Alhaja ti ń fi etí ìbòrí nu omijé ẹ̀rín.

"Wàláhì, o bà á jẹ́! Lójú ìyá ọkọ, lójú ìyá ọkọ pàápàá!"

"Kí ni mo ṣe, Alhaja?"

"O fi orúkọ àkọ́bí pe ìyá rẹ̀. Wọn kì í ṣe é níbí. Kunya ni wọ́n ń pè é, ìtìjú ọmọlúàbí. Ìyá kì í dárúkọ àkọ́bí, kì í kẹ́ ẹ lójú èèyàn. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Adé ni orúkọ àkọ́bí lọ́dọ̀ tiwa, àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni lọ́dọ̀ tiwọn. Ìwọ wá lọ sá àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin sí gbangba lọ́jọ́ ọdún!"

"Ṣé kí n lọ bẹ̀ ẹ́ ni?"

"Kí o tún lọ dárúkọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì? Dákẹ́, kí o sáà máa kí i."

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lára. Ìfẹ́ wo ni ìyẹn? Mo di ẹrù mi. Nígbà tí ìrìnàjò kù sí dẹ̀dẹ̀, mo wọ àgbàlá lọ́sàn-án láti ká aṣọ mi. Ibà ti dá Rakiya dùbúlẹ̀. Aṣọ ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀ ṣí díẹ̀, mo sì rí ọmọ náà tí ó sùn fọnfọn, tí ìyá ń fi abẹ̀bẹ̀ koríko fẹ́ ẹ. Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tẹrí ba, ó fi ẹnu sí etí ọmọ, ó ní, "Rakiya." Ó tún ní, "Rakiya." Ó ń pè é bí ẹni tí ó gbààwẹ̀, tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án lẹ́nu.

N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ àwa ni a ń kígbe orúkọ ọmọ láti orí àkìtàn dé odò! Àṣé àwọn kan ń wọ ìfẹ́ bí agbádá, àwọn mìíràn ń so ó mọ́ etí ìró. Mo fi ẹ̀yìn rìn jáde, n kò ká aṣọ kankan.

Nígbà tí ọkọ mi mú tíkẹ́ẹ̀tì dé, mo ní, "Lọ dá a padà."

"Kí ló dé?"

"Èdè wọn ni mo fẹ́ kọ́."

Ọjọ́ tí mo bímọ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo gbọ́ tí ó ṣí. Ìyàwó onílé gbé omi gbígbóná wọlé pẹ̀lú ewé dóńgóyárò, ó wẹ̀ mí bí ìyá mi ìbá ti wẹ̀ mí. Ní ọjọ́ ìkómọ Fúnkẹ́, ó dúró láàárín àgbàlá, ó fi ìbòrí bo ojú ara rẹ̀, ó sì fi gbogbo ohùn kígbe pé, "Maman Funke!" Ojú ń tì í títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó pè é tán. Ta ni ó sọ fún un pé ọlá ni lọ́dọ̀ wa? Mo fura sí Alhaja.

Ọdún gorí ọdún. Nígbà tí ìyàwó onílé kú, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ pín ewúrẹ́, àwọn àbúrò Rakiya lóbìnrin pín àwo tí ó tò dé àjà. Rakiya, tí ó ti di ìyá ọmọ, gbé abẹ̀bẹ̀ koríko kan wá fún mi. Ó ní ìyá òun ní kí wọ́n fún mi. Mo ní hàà! Àṣé ó rí mi lọ́sàn-án ọjọ́ ibà náà.

Rakiya kò lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka yí etí ìbòrí. "Màmá," ó ní, "ẹ bá a gbé pẹ́. Ṣé ó pè mí lórúkọ rí?"

Mo sọ fún un. Ó rọra jókòó sílẹ̀. "Ẹ bá mi sọ ọ́, bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an."

Mo tẹrí ba, mo sì fi ẹnu sí i létí.

Abẹ̀bẹ̀ náà ṣì wà lára ògiri mi bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá pe Fúnkẹ́ ní Yorùbá, Háúsá ni ó fi ń dá mi lóhùn. Ogún tirẹ̀ nìyẹn. Àwọn àbúrò Rakiya ti fọ́ àwo, wọ́n ti pa ewúrẹ́. Ogún Rakiya kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ, ọ̀dọ̀ èmi àlejò ni ìyá rẹ̀ sì fi í pamọ́ sí dè é.